Eyín Ìmúpláǹtì Tó Ń Rùn: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Ìkòròdú

"Dókítà, eyín tí ọmọ mi fi owó ńlá ṣe fún mi ló ń rùn o."

Ohun tí Màmá kọ́kọ́ sọ nìyẹn, n kò tíì kí wọn tán. Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Èbúté Ìpakodò wá bá mi ní Sábó, òórùn èéfín ṣì wà lára aṣọ wọn, wọ́n sì fi etí ìborùn bo ẹnu bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹni ọdún 61 ni wọ́n. Ẹja ni wọ́n ń yan láti ìgbà ọmọge wọn, àrọ̀ àti òbòkún, àwọn oníbàárà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n bá ń ná ọjà lọ́wọ́ wọn. Ìrora rẹ̀ ò tó nǹkan, wọ́n ní, ìtìjú rẹ̀ ni ò jẹ́ kí àwọn sùn. Mo gba àṣẹ lẹ́nu wọn kí n tó kọ èyí, mo sì yí ohun díẹ̀ padà kí ará ọjà má baà dá wọn mọ̀.

Eyín tí à ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí a ń yọ sínú ife omi lálẹ́. Ìmúpláǹtì ni, títáníọ́mù kékeré tó rí bíi súkúrù, tí wọ́n yí wọ inú egungun àgbọ̀n, tí wọ́n wá gbé orí eyín lé e. Méjì ni Màmá ní, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, méjèèjì nísàlẹ̀ níbi tí eyín tí a fi ń lọ oúnjẹ ti yọ dànù. Ọmọ wọn tó wà ní Jámánì ló sanwó rẹ̀ nígbà tó wálé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ibòmíràn ní Èkó ni wọ́n sì ti ṣe é. Kò sí ìwé, kò sí àwòrán X-ray àtijọ́, Màmá ò mọ irú ìmúpláǹtì tó jẹ́. Iye owó rẹ̀ nìkan ni wọ́n rántí, wọ́n sì rántí rẹ̀ dé orí kọ́bọ̀.

Per-Ingvar Brånemark, ará Súwídìn, ló ṣàkíyèsí ní àwọn ọdún 1950 pé títáníọ́mù tí òun fi sínú egungun ehoro kò ṣeé yọ mọ́, egungun ti gbá a mú. Ní 1965 ló fi í sẹ́nu ènìyàn àkọ́kọ́. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń tà á fún aláìsàn pé irin ni, irin kì í kẹ̀. Òótọ́ ni pé irin kì í kẹ̀. Ẹran àti egungun tó yí i ká ńkọ́? Ti ọmọ ènìyàn ṣì ni.

Mo ní kí wọ́n la ẹnu. A ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìlà mìlímítà wà lára rẹ̀, òun la fi ń wọn àlàfo tó wà láàárín eyín àti èrìgì, ìyẹn ẹran tó di eyín mú. Èrìgì tí ara rẹ̀ dá kì í sábà jẹ́ kí ọ̀pá náà wọlé ju 3 lọ. Lára eyín tí Ọlọ́run fún Màmá, mo ka 4, 5, 5, 4, ẹ̀jẹ̀ sì ń tẹ̀lé ọ̀pá ní ibi púpọ̀. Ìmúpláǹtì ọ̀tún jẹ́ 4, kò sí ọyún. Mo bọ́ sí ti òsì, níhà ahọ́n, ọ̀pá náà sì wọlé títí ó fi dé 7. Nígbà tí mo fi ìka tẹ ẹran ibẹ̀, ọyún funfun rọra yọ jáde bí ọṣẹ ìfọyín ṣe ń yọ lẹ́nu páálí rẹ̀. Màmá rí i nínú dígí tí mo gbé sí wọn lójú. Wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀.

Àwòrán X-ray fi hàn pé egungun ti wálẹ̀ ju mìlímítà 3 lọ lára ìmúpláǹtì òsì yìí. Ní 2017, àwọn onímọ̀ èrìgì láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà jókòó pọ̀ láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa pe àwọn àìsàn yìí. Wọ́n ní tí kò bá sí àwòrán àtijọ́ láti fi wé tòní, tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún bá ń jáde, tí àlàfo bá tó 6, tí egungun sì ti wálẹ̀ tó 3, kí a gbà pé àìsàn ti wọ egungun ìmúpláǹtì náà. Màmá ti kọjá ẹnubodè yẹn. Ọ̀rọ̀ èrìgì tó pọ́n lásán ti kọjá.

Àtọ̀gbẹ tún wà níbẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń lo oògùn rẹ̀, àmọ́ tí ẹja bá ti wọlé láti orí omi, ta ló ń rántí oògùn? Àyẹ̀wò HbA1c, tó ń fi bí ṣúgà ṣe rìn lára láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta hàn, jẹ́ 8.9%. Lójú àwa oníṣẹ́ eyín, 7% sókè ti tó láti gbà pé àìsàn èrìgì ẹni náà lè máa sáré ju ti ẹlòmíràn lọ. Lójú mi lọ́jọ́ náà, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Mo ti mú ọ̀daràn.

Kí n tó sọ bí mo ṣe ṣìṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àlàfo yẹn.

Omi díẹ̀ máa ń sun láti inú èrìgì wá sí ìdí eyín. Tí èrìgì bá wú, omi yìí á pọ̀ sí i, àwọn purotéènì inú rẹ̀ á sì yí padà. Interleukin-1β ni alágogo wọn. Tí bakitéríà bíi Porphyromonas gingivalis bá ti pọ̀ ní ìdí eyín, òun ni yóò máa pe ọmọ ogun jọ. Àwọn tó sì máa ń kọ́kọ́ dé ni sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní neutrophil, wọ́n ń gbé purotéènì kan tó ń jẹ́ MMP-8 rìn, dídì, bí àdá inú àkọ̀. Iṣẹ́ àdá yìí ni láti gé kọ́lájìn, okùn tó hun èrìgì pọ̀. Ara nílò rẹ̀ níwọ̀nba, torí ohun tó ti bàjẹ́ gbọ́dọ̀ kúrò kí tuntun tó hù. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yọ ọ́ tí wọn ò dá a padà sínú àkọ̀ mọ́, ẹran ara ẹni ni yóò máa gé. RANKL ní tirẹ̀ ń pàṣẹ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ egungun. Purotéènì mìíràn, OPG, ló ń gba àṣẹ yẹn mú lọ́nà kó má baà dé ọ̀dọ̀ wọn. Níbi tí RANKL bá ti ju OPG lọ, egungun á máa sá wálẹ̀.

Eyín gidi ní okùn kọ́lájìn tó ti inú èrìgì wọ inú gbòǹgbò rẹ̀, bí okùn àgọ́ ṣe so mọ́ èèkàn. Ìmúpláǹtì ò ní irú rẹ̀. Okùn ibẹ̀ kàn gba ẹ̀gbẹ́ irin kọjá ni, kò wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí iná tó bá ràn ní ìdí ìmúpláǹtì fi ń tètè dé egungun.

Àyẹ̀wò kan wà tó ń ka MMP-8 tó ti jáde nínú àkọ̀. Ìlú Helsinki ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, ará kíláàsì mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Fínlándì sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nígbà tí arákùnrin rẹ̀ ń bọ̀ nílé. Ó jọ ìwé àyẹ̀wò ibà tàbí ti oyún: ìlà kan, kò ga, ìlà méjì, ó ti ga. Aláìsàn á kọ́kọ́ fi omi lásán fọ ẹnu, á sinmi díẹ̀, á wá fi omi inú páálí náà fọ ẹnu fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, á tu ú sínú ife. Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún Màmá. Wọ́n mi orí. Wọ́n gbé omi náà sẹ́nu, wọ́n yí i lọ yí i bọ̀, wọ́n sì gbé e mì.

"Màmá! Ẹ yẹ kí ẹ tu ú ni."

"Ẹ ò tètè sọ. Mo ti rò pé oògùn ni."

Omi mímọ́ lásán ni, kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí páálí kan ṣe lọ nìyẹn nínú mélòó kan tí mo ní. Èkejì la fi ṣe é. Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ìlà kejì fi yọ, ó hàn ketekete. Ó túmọ̀ sí pé MMP-8 inú omi ẹnu wọn ti ju nanogiráàmù 20 lọ nínú mìlílítà kan. Mo wí fún wọn pé èéfín la rí yìí, iná ti wà ní ìsàlẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń yan ẹja ni mo ń kọ́ ní ọ̀rọ̀ èéfín. "Èmi," wọ́n ní, "tí mo bá ti rí èéfín, mo ti mọ irú igi tí wọ́n kó sí i. Igi tútù ní tirẹ̀, àgbọn ní tirẹ̀. Ìwé yín yìí mọ igi?"

Mo fi ẹ̀rín fèsì. Ó yẹ kí n ti ronú sí i lọ́jọ́ náà.

Mo fọ gbogbo eyín wọn dé abẹ́ èrìgì, ìjókòó méjì. Mo fi ohun èlò oníke fọ ìdí ìmúpláǹtì, torí irin lásán lè ha títáníọ́mù, kí ibẹ̀ sì di ilé fún èérí. Mo kọ́ wọn bí wọn ó ṣe máa fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré wọ ìdí rẹ̀. Pákò tí wọ́n fẹ́ràn ò lè dé ibẹ̀. Mo kọ̀wé sí dókítà àtọ̀gbẹ wọn. Mo sì ní kí wọ́n yé ra Flagyl àti Ampiclox ní kẹ́míìsì, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti lò ó kí wọ́n tó wá. Òórùn á lọ, ọ̀sẹ̀ méjì, á padà dé.

Ọ̀rọ̀ CRP, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n tún máa ń fi díwọ̀n ewu àìsàn ọkàn, fẹ́ dá wa lọ́nà láàárín èyí. Ilé àyẹ̀wò tó ṣe ti ṣúgà ti fi CRP kún un láìjẹ́ pé mo béèrè, ó jẹ́ mìlígíráàmù 12 nínú lítà kan. Ọmọ wọn pè mí láti Jámánì ní aago mẹ́wàá alẹ́, ó ti ka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní ṣé ọkàn Màmá ti fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ ni. CRP, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, nígbà tí interleukin-6 bá ránṣẹ́ sí i. Láti 1930 tí Tillett àti Francis ti rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró la ti mọ̀ pé kò mọ ojú ẹnikẹ́ni: èrìgì lè gbé e sókè, ibà lè gbé e sókè, egbò lè gbé e sókè. Tó bá ti ju 10 lọ, a kì í fi sọ ọ̀rọ̀ ọkàn rárá, a máa ń wá ohun mìíràn tó ń ṣe ara, a ó sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo béèrè lọ́wọ́ Màmá. Wọ́n fa ìró sókè díẹ̀: ẹyin iná ti jábọ́ sí wọn lẹ́sẹ̀ nídìí ààrò, egbò rẹ̀ ṣì tutù. Nígbà tí egbò jinná, CRP wálẹ̀ sí 4.

Ọjọ́ tí a dá fún ìpadàbọ̀ wọn bọ́ sí ọjọ́ Orò, kò sì sí obìnrin tó ń jáde ní Ìkòròdú lọ́jọ́ náà, àtèmi àti wọn. Ó di oṣù kẹta sí ìgbà náà kí a tó rí ara wa.

Ẹnu wọn yí padà. Èrìgì ti rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti dára, àwọn 5 ti di 3 àti 4. HbA1c ti wálẹ̀ sí 7.4%. Lọ́tẹ̀ yìí Màmá tu omi náà jáde, wọ́n tiẹ̀ wò mí lójú bí wọ́n ṣe ń tu ú. Ìlà kan. Mo dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìlà kan ṣoṣo ni. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Fínlándì.

"Màmá, ó ti lọ."

"Ìwé yín ló sọ bẹ́ẹ̀," wọ́n ní. "Ó ṣì ń rùn."

Mo fi ìka tẹ apá òsì. Ọyún jáde.

N ò lè gbàgbé ọjọ́ yẹn. N ò kọ́kọ́ fi ìka tẹ ibẹ̀, n ò kọ́kọ́ fi ọ̀pá wọn ibẹ̀. Ìwé ni mo kọ́kọ́ gbà gbọ́. Omi tí a fi fọ gbogbo ẹnu ń kó ohun tó wà ní gbogbo ẹnu jọ ni. Lákọ̀ọ́kọ́, èrìgì tó wú lára eyín púpọ̀ ló gbé ìlà kejì jáde. Nígbà tí ìyẹn ti rọlẹ̀, ibi kan ṣoṣo tó kù dà bí ẹni tó da ìkúnwọ́ iyọ̀ kan sínú ọ̀sà, ta ló máa mọ̀ ọ́n lẹ́nu?

Ṣùgbọ́n páálí mìíràn wà nínú ohun tí ọ̀rẹ́ mi fi ránṣẹ́, tí mo ti pa tì sínú dúrọ́ọ̀ torí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Èyí kì í lo omi ẹnu. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni a ó kì bọ inú àlàfo ìdí ìmúpláǹtì gan-an, kó fa omi ibẹ̀ nìkan fún nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí a tó kó o sínú omi tirẹ̀. Mo ṣe é ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mo fi gègé kọ "Ọ̀" sí ọ̀kan, "Ò" sí èkejì, mo tẹ́ wọn sórí abọ́ irin, èmi àti Màmá sì tẹ orí bà á bí ẹni tó ń retí èsì tẹ́tẹ́.

Ọ̀tún: ìlà kan. Òsì: méjì, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìgbà náà ni ojú mi tó là. Ẹnu kan náà ni. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ṣúgà kan náà, búrọ́ọ̀ṣì kan náà, ọwọ́ kan náà tó ń fọ̀ ọ́, ọjọ́ kan náà tí wọ́n gbé orí méjèèjì lé e. Tó bá jẹ́ àtọ̀gbẹ nìkan ló ń jẹ egungun òsì, kí ló dé tó dá ọ̀tún sí? Purotéènì ò sọ igi tó ń jó fún mi, gẹ́gẹ́ bí Màmá ti wí, ṣùgbọ́n ó sọ ààrò tó ti ń jó, ó sì sọ èyí tí kò jó.

Mo béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Báwo ni ọjọ́ tí wọ́n lẹ orí eyín yẹn ṣe rí? Màmá ronú. Ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe òsì ni iná lọ. Wọ́n ní kí àwọn fi eyín gé e mọ́lẹ̀, kí àwọn má lanu. Tọ́ọ̀ṣì fóònù ni wọ́n fi parí rẹ̀.

Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ìyẹn sìmẹ́ńtì eyín. Tí a bá tẹ orí eyín mọ́lẹ̀, èyí tó ṣẹ́kù á tú jáde ní etí rẹ̀, a gbọ́dọ̀ ha gbogbo rẹ̀ kúrò kó tó gan. Lára eyín gidi, okùn kọ́lájìn máa ń dí i lọ́nà. Lára ìmúpláǹtì, kò sí ohun tó dá a dúró, ó lè sọ̀kalẹ̀ lọ jìnnà sábẹ́ èrìgì, kó dì síbẹ̀, kí bakitéríà fi ṣe ilé. Mo padà sí àwòrán X-ray, mo wò ó títí ojú fi dùn mí. N ò rí nǹkan kan, kò sì yà mí lẹ́nu: ohun tó bá wà níhà ahọ́n, irin fúnra rẹ̀ ni yóò fara bò ó, àwọn sìmẹ́ńtì kan pàápàá kì í hàn nínú àwòrán.

Ọ̀gá mi kan, onímọ̀ èrìgì, wá bá mi ní ọjọ́ Sátidé kan. A fi abẹ́rẹ́ pa ibẹ̀ kú, a la ẹran níhà ahọ́n, a ṣí i bí ẹni ṣí ojú ìwé. Ẹran pupa rírọ̀ ti kún ibi tí egungun yẹ kó wà. Ọ̀gá mi ń họ ọ́ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a ò gbọ́ nǹkan kan, àfi bí irin rẹ̀ ṣe dún "kẹ́rẹ́" lójijì. Ó dúró. Ó tún fi kàn án, kẹ́rẹ́. Ohun tó yọ jáde ò ju ààbọ̀ hóró ìrẹsì lọ, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan dán níbi tó ti lẹ̀ mọ́ irin. A rí èyí tó kéré sí i kan pẹ̀lú. A fọ ibẹ̀ mọ́, a rán an.

Ọjọ́ tí mo yọ okùn, Màmá ní kí n fún àwọn ní ẹyọ sìmẹ́ńtì náà. Wọ́n dì í sínú ọ̀rá kékeré. Wọ́n ní ọmọ àwọn gbọ́dọ̀ rí i, owó rẹ̀ ló rà á.

Ó ti pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ báyìí. Òórùn ti lọ, ọyún ti lọ, ọ̀pá ń wọ ibẹ̀ dé 4. Egungun tó ti lọ ò padà, a ò sì ṣèlérí rẹ̀ fún wọn. Bébà tó kẹ́yìn nínú dúrọ́ọ̀ mi la lò lọ́jọ́ náà fún apá òsì. Ìlà kejì yọ, ó ṣá bí èyí tí wọ́n fi omi pa rẹ́. Mo gbé e sábẹ́ iná. Mo fẹ́ sọ pé kò sí.

"Ìlà ni," Màmá wí. "Ẹ má fi ojú fo ó."

Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin rẹ̀: ìlà tó ṣá, ìlà ni. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì wọn: òsì, mìlímítà 4, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní ojú kan, kò sí ọyún, ìlà kejì ṣá. Kí wọ́n padà wá ní oṣù mẹ́ta.